Ilẹ̀ Tó Ti Wà Nílẹ̀ Kò Sọ Ilé Ẹ̀yìnkùlé Di Ọ̀fẹ́

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onílé ní California, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ra ilé síbẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ní àyè lẹ́yìn ilé rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó tó pọ̀ jù nínú ilé kíkọ́, àti pé bó bá ti kọ́ ilé kékeré síbẹ̀, èrè ni gbogbo owó tí ayálégbé bá ń san lóṣooṣù. ADU ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: ó ní ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọgbà kan náà ló wà pẹ̀lú ilé ńlá. Apá àkọ́kọ́ ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́, apá kejì kì í sì í ṣẹ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó yá owó kọ́lé.

Ó yé mi bí èrò náà ṣe wọ̀ wá lọ́kàn. Nílé, ilẹ̀ gan-an ni wàhálà. Ẹni tó bá ti sanwó ilẹ̀, tó ti yanjú ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀, tí ìwé rẹ̀ sì ti jáde, ti sọ ẹrù ńlá kalẹ̀; bó bá fẹ́ kọ́ bọ́ìsìkọ́tà sẹ́yìn, ó lè ra búlọ́ọ̀kù lọ́dún yìí, kó kan páànù lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó bá ṣe ń wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní California. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé máa ń kú bí iṣẹ́ bá dúró pẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú sì gbọ́dọ̀ wá yẹ iṣẹ́ wò ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láti orí ìpìlẹ̀ dé orí wáyà inú ògiri, kí wọ́n tó lè bò ó. Nítorí náà, owó gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lọ yá a ni.

Ibi tí owó ń gbà lọ nínú ilé kékeré kì í ṣe yàrá. Ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ ló máa ń gbówó jù, ilé kékeré sì ní méjèèjì bí ilé ńlá ṣe ní wọn. Ẹ wo ilé tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 níbùú àti 20 lóòró. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò páìpù ìdọ̀tí láti ẹ̀yìnkùlé, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá títí yóò fi kan páìpù ti iwájú, wọ́n sì lè ní láti fọ́ kọnkéré ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí kí ó tó lè kọjá. Bí àpótí iná ilé àtijọ́ kò bá lè gbé ju 100 amp lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ ọ́ di 200. Òfin ìpínlẹ̀ náà tún ń béèrè iná oòrùn fún ọ̀pọ̀ ilé tuntun tó dá dúró. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí iye rẹ̀ ń dín sí ìdajì nítorí pé a dín yàrá sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ilé kékeré fi sábà máa ń wọ́n ju ilé ńlá lọ bí a bá pín owó rẹ̀ sórí ìwọ̀n ilẹ̀ tó gbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé náà gba $250,000, èyí tí kì í ṣe àsọdùn ní Los Angeles, tí onílé sì fi ilé ńlá dúró fún ẹ̀yáwó náà ní èlé ìdá 8 nínú 100 lọ́dún, láti san án tán ní 20 ọdún. Báńkì yóò máa gba $2,090 ó lé díẹ̀ lóṣù. Owó-orí ilé, ní ìdá kan àti díẹ̀ nínú 100 iye ilé tuntun, yóò lé ní $200 lóṣù. Bí ayálégbé bá ń san $2,000, àpò onílé ló ń jò. Bó bá ń san $2,500, nǹkan bíi $200 ló kù, oṣù kan péré tí ilé bá sì ṣófo lọ́dún yóò jẹ ẹ́ tán, kí a tó dárúkọ inṣọ́ránsì àti àtúnṣe. Lóòótọ́, apá kan nínú owó báńkì ń dín gbèsè kù, ṣùgbọ́n nínú ti oṣù àkọ́kọ́, èlé nìkan gba nǹkan bíi $1,667.

Àwọn tó ń polówó ilé yìí máa ń tọ́ka sí òfin, òfin náà sì ti ṣèrànwọ́ lóòótọ́. Láti 2020, ìlú gbọ́dọ̀ fèsì sí ìwé ìbéèrè tó pé láàárín 60 ọjọ́, kò sì gbọdọ̀ gba owó tó ń gbà nítorí ọ̀nà àti ọgbà ìtura lórí ilé tí kò tó 750 square feet. Ṣùgbọ́n òfin kò dín owó kọ́ńtírátọ̀ kù. Ẹ̀bùn owó tó tó $40,000, tí CalHFA, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí owó ilé, pín fún ìnáwó ṣáájú ìkọ́lé, kò wà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá kọjá òdiwọ̀n, èyí tí wọ́n ṣí ní ìparí 2023 sì tán kíákíá. Ó ń dùn mí pé àwọn ènìyàn ṣì ń fi í kún ìṣírò wọn. Bákan náà, ẹni tó bá ń retí owó àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ kí ó mọ̀ pé Los Angeles kò gbà á nínú ADU tí wọ́n fọwọ́ sí láti 2017, àfi bí onílé fúnra rẹ̀ bá ń gbé inú rẹ̀.

Wọ́n á ní, “Bí a bá tà á, owó wa á padà.” Iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń tà ní àdúgbò ni ẹni tó ń díye lé ilé ń wò, kì í ṣe rìsíìtì onílé. A kò sì lè ta ilé ẹ̀yìnkùlé lọ́tọ̀, àyàfi ní àwọn ìlú tó ti gba òfin 2023 tó fàyè gba irú títà bẹ́ẹ̀ wọlé, bíi San Jose.

Ibi tí mo ti rí i pé ó ń dára jù ni kí a sọ gáréèjì di ilé, nítorí ìpìlẹ̀, ògiri àti òrùlé ti wà, òfin kò sì jẹ́ kí ìlú fipá mú onílé wá àyè ọkọ̀ mìíràn. Ó tún dára fún ìdílé tí ìyá wọn ń ti Nàìjíríà bọ̀ wá bá wọn wẹ ọmọ, tí yóò pẹ́, tó sì nílò ibi tirẹ̀. Àǹfààní yẹn kò dúró de ayálégbé. Ẹni tó bá sì jẹ́ torí owó nìkan ló fi fẹ́ kọ́ ọ, kí ó tó sanwó fún ayàwòrán ilé, kí ó kọ́kọ́ pe oníṣẹ́ páìpù àti oníṣẹ́ iná wá wo ibi tí wọn yóò gbà, kí ó sì gba iye iṣẹ́ wọn ní kíkọ.