Àtúnṣe: Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba lọ́yà fún tálákà

Wọ́n ń pín in kiri pé ẹnikẹ́ni tí kò bá lówó lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà, ìjọba á gba lọ́yà fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ẹjọ́ yòówù kó jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tó wúwo ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1963 pé kí ìjọba gba lọ́yà fún tálákà. Ṣùgbọ́n bí onílé bá fẹ́ lé ayálégbé jáde, tí ayálégbé náà sì dúró níwájú adájọ́ tòun ti ìwé ìlénijáde lọ́wọ́, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní kí wọ́n wá agbẹjọ́rò fún un (ìlú New York ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún 2017).

Legal Services Corporation, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, ló ń fún àwọn àjọ aṣèrànwọ́ lówó fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Láti 1996, òfin kò gbà kí àwọn àjọ náà pe ẹjọ́ lápapọ̀ lórúkọ ọ̀pọ̀ ènìyàn, tàbí kí wọ́n gba ẹjọ́ ẹlẹ́wọ̀n, tàbí ti ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú, àfi àwọn bí ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé. Èyí tó le jù lójú tèmi ni pé èèwọ̀ náà dé orí owó tí aládàáni bá fi ta wọ́n lọ́rẹ pàápàá.