Kò sí òfin tó ní ká má fi ‘because’ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé àṣìṣe ni kéèyàn fi ‘because’ tàbí ‘and’ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ‘Because it rained, we stayed at home.’ Ó pé pérépéré, torí olórí awẹ́ gbólóhùn, ìyẹn apá tó lè dá dúró fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀: ‘we stayed at home’. Èyí tí kò pé ni ‘Because it rained’ tó dá dúró, torí awẹ́ gbólóhùn afarahẹ lásán ni, ìyẹn apá tó nílò olórí awẹ́ gbólóhùn kó tó lè pé. Irú èyí ló yẹ ká kọ́ ọmọ pé kó yẹra fún, kì í ṣe ká gba ‘because’ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ó ń dùn mí tí wọ́n bá gé máàkì ọmọ nítorí ẹ̀.

Ní ti ‘and’, ẹ ṣí Bíbélì King James ti 1611: Jẹ́nẹ́sísì 1, láti ẹsẹ 2 lọ, ‘And’ ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.