Ìyá Ìlù Márùn-ún, Kò Sẹ́ni Tó Gbé Gúdúgúdú Kọ́rùn

Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí. Gbogbo wọn ti di support. Ohun tí wọ́n ń kọ sí Facebook wọn kiri nìyẹn: "Support ni mí o, èmi kì í wá ògo." Ẹ wá bá wọn wọ Dota 2, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà, lóru, nígbà tí dátà alẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí bí ẹni tí kì í wá ògo ṣe ń ṣe.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbá a rí: èèyàn márùn-ún ló ń kojú èèyàn márùn-ún. Carry ni ọmọ àkẹ́jù, òun ni gbogbo ilé ń bọ́ títí yóò fi lágbára. Ẹni karùn-ún ni support, òun ni tálákà ilé. Owó wà nílẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣà á, carry ló ni ín. Tirẹ̀ ni kó máa ri ward mọ́lẹ̀, ìyẹn ojú tí ẹgbẹ́ fi ń rí ibi tí ọ̀tá ń gbà bọ̀, kó tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, bó bá sì di dandan kí ẹnì kan kú, kó tètè lọ kú. Ṣé ẹ mọ ẹgbẹ́ dùndún? Oníyàá-ìlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni wọ́n ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Onígúdúgúdú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń lu tirẹ̀ láìsinmi, kò sẹ́ni tó wo apá ibẹ̀. Ẹ ní kó dákẹ́ ná, ijó yóò sì dàrú mọ́ ìyàwó lẹ́sẹ̀.

Support òde òní kò fẹ́ gúdúgúdú. Ẹni tó bá fẹ́ máa yan ipò tó wù ú nínú géèmù yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ibikíbi tí wọ́n bá fi òun sí, òun á ṣe é. Nítorí náà ló ṣe ń ṣe support bí ẹni ń ṣe àgùnbánirọ̀: kí ọjọ́ sáà pé.

Mo bá ọ̀kan pàdé ní Sátidé. Carry ni mí lọ́jọ́ náà. Ó mú Pudge, apẹran oníkùn bẹ̀ǹbẹ̀ tó máa ń fi ìkọ́ fa èèyàn, ó wọgbó lọ, ó fi èmi nìkan sílẹ̀ sọ́wọ́ èèyàn méjì. Ó ju ìkọ́ nígbà méje, afẹ́fẹ́ ló kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹjọ, ó kọ́ Axe, jagunjagun ọ̀tá tó jẹ́ pé ìtòsí ló ti ń ṣe èèyàn léṣe. Àdúrà tí Axe ń gbà láti àárọ̀ kò ju kí èèyàn sáà sún mọ́ òun lọ! Pudge fà á wálẹ̀ gbàgà síwájú mi, Axe pa mí, ó pa á, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni wá fi èdè Rọ́ṣíà bú mi. Mi ò gbọ́ Rọ́ṣíà, ṣùgbọ́n èébú kì í wá ògbufọ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, ward wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tí wọ́n ní kó má mú un. Àwa mẹ́rin ń kọ "ward, ward" bí ẹni ń kígbe olè. Kò sẹ́ni tó nawọ́ mú un. (Èmi náà kò mú un. Carry ni mí.)

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá ri ward kan, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pe àwọn oníròyìn. Ká ní wọ́n gbá a kó tó di oṣù kọkànlá 2019 ńkọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ ń pín ìránṣẹ́ kan ṣoṣo tó ń gbé ọjà wá láti ṣọ́ọ̀bù lò, tó sì jẹ́ pé owó tálákà support náà ni wọ́n fi ń rà á!

Bí ẹ bá bá wọn wí, Shanghai ni wọ́n máa tọ́ka sí. Lóòótọ́, ní The International, ìdíje Dota 2 tó ga jù, tó wáyé níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, eléré kan tó ń jẹ́ ana ti ẹgbẹ́ OG mú Io, bọ́ọ̀lù iná kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ sí olùrànlọ́wọ́, ó fi ṣe carry, wọ́n sì gba ife. Owó ìdíje náà lé ní mílíọ̀nù 34 dọ́là, OG kó èyí tó lé ní mílíọ̀nù 15. Láti ìgbà náà ni gbogbo ẹni tó bá mú Io ti di ana. Ṣùgbọ́n ta ni balógun ẹgbẹ́ náà? N0tail, ọmọ Dẹ́nmáàkì, ipò karùn-ún ló ń gbá. Fún ọdún mélòó kan, kò sí eléré kọ̀ǹpútà tí owó ìdíje rẹ̀ tó tiẹ̀ láyé yìí. Tálákà ilé nìyẹn o. Mi ò tíì rí ẹni tó ní òun fẹ́ dà bí N0tail.

Mo ti padà sórí ìlà báyìí, mò ń dúró de géèmù mìíràn. Carry nìkan ni mo fi àmì sí. Ìṣẹ́jú 11 rèé, wọn kò tíì rí support fún wa.