Kí Àbújá Tó Tún Fi Ogun Halẹ̀ Mọ́ Aládùúgbò

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní 2024, Niger, Mali àti Burkina Faso kéde pé àwọn ti jáde nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni àwọn agbébọn dá àwọn ọba wa lọ́nà ní Èkìtì níbí, tí wọ́n pa Onímòjò àti Ẹlẹ́sùn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Emùré, pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti awakọ̀ wọn.

Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni ECOWAS, tí Ààrẹ Tinubu jẹ́ alága rẹ̀ nígbà náà, fún àwọn sójà tó gbàjọba ní Niamey, olú-ìlú Niger, ní ọjọ́ méje: ẹ dá ìjọba padà, tàbí kí ẹ rí ogun. Nàìjíríà ti ẹnubodè pa, ó já iná mọ̀nàmọ́ná tó ń tà fún wọn. Ọjọ́ méje pé, ogun ò lọ. A dúpẹ́ pé kò lọ. Ìhàlẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ni a lòdì sí. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Sójà tó wà ní Borno àti Zamfara ò tíì rí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe tán; igbó Èkìtì ò rí ẹni ṣọ́ ọ.

Ìhàlẹ̀ náà sì ná wa ní nǹkan. Ní oṣù Kẹta 2025, Niger kó ọmọ ogun rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ ogun àjùmọ̀ní tó ń bá Boko Haram jà ní Adágún Chad. Àwọn ará Borno ló wà lẹ́nu ihò yẹn báyìí.

Èkìtì ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà ogun Kírìjì, Ìbàdàn ní jagunjagun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń bẹ̀rù. Èkìtìparapọ̀, àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó parapọ̀ bá Ìbàdàn jà, ní ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́. Ẹnìkan ò ṣẹ́gun ẹnìkan. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1877 tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ìbọn í gbé kí àgọ́ tó tú ní 1893. Ìwé àdéhùn ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886 ló fún àwọn ìlú Èkìtì ní òmìnira lọ́wọ́ Ìbàdàn, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà ọmọ Yorùbá bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips ti rìn títí láàárín àgọ́ méjèèjì.

A ò sọ pé kí sójà wa má ṣe jáde láé. Nígbà tí àwọn sójà kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Kùtọnù, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní oṣù Kejìlá 2025, ìjọba Benin fúnra rẹ̀ ló ké sí wa, ohun tí a fẹ́ ṣe sì hàn kedere. Ti Niamey kọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, nígbàkígbà tí ìwé ogun bá tún dé iwájú Ilé Aṣòfin Àgbà, kí àwọn sẹ́nétọ̀ mẹ́ta tí Èkìtì rán lọ dìde. Kí wọ́n béèrè iye sójà tó ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa padà, àti ẹni tí yóò ṣọ́ ọ̀nà Emùré títí wọn yóò fi dé.