Fíìmù Abhimaan Kì Í Ṣe Ìtàn Ilé Amitabh àti Jaya

Ẹ dárúkọ Abhimaan, fíìmù ọdún 1973, láàárín àwọn tó fẹ́ràn fíìmù Íńdíà àtijọ́, ẹnì kan ò ní ṣàì sọ pé: "Ìtàn ara wọn ni wọ́n ṣe yẹn o." Wọ́n á ní ilé Amitabh Bachchan àti Jaya, ìyàwó rẹ̀, àwọn òṣèré méjèèjì tó ṣe olórí nínú rẹ̀, ni wọ́n gbé síta fún wa wò: ìyàwó tí òkìkí rẹ̀ ju ti ọkọ lọ, ọkọ jowú, ìyàwó pa iṣẹ́ tì kí ilé má baà tú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ó sì ti ràn kálẹ̀ dé ibi tí àwọn tí kò rí fíìmù náà rí pàápàá ti ń sọ ọ́. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí, torí pé ó ń fi iṣẹ́ obìnrin kan ṣe òfófó ilé.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, Subir tí Amitabh ṣe jẹ́ akọrin tí gbogbo ìlú ń wárí fún. Ó lọ kí ìbátan rẹ̀ kan ní abúlé, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Uma tí Jaya ṣe, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi orin tọ́ dàgbà. Ó fẹ́ ẹ, ó mú un wá sí Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí. Lọ́jọ́ àpèjẹ ìgbéyàwó wọn, tọkọtaya jọ kọrin fún àlejò, àgbàlagbà kan tó mọ orin dáadáa sì sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé ẹ̀bùn ìyàwó ju ti ọkọ lọ, ẹ̀rù ibi tí yóò já sí ń ba òun. Ẹ fi ojú sí ibẹ̀ yẹn tí ẹ bá ń wò ó. Inú gbogbo ilé ń dùn, Subir ń rẹ́rìn-ín, ẹni kan ṣoṣo ló ti rí ohun tó ń bọ̀.

Subir fúnra rẹ̀ ló fà á wọ ilé tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Kò pẹ́, ohùn Uma ni àwọn èèyàn ń béèrè, àwọn tó ń gbé àwo orin jáde sì ń san owó fún un ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Kì í ṣe àṣẹ ni Subir fi pa ohùn náà. Ojú tó ń kọ́ ni, ọtí tó ń mu, ilé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Chitra tó ń sá lọ, àti ọ̀rọ̀ kòbákùngbé tó ń jù sí i. Uma ṣe tán láti fi orin sílẹ̀ kí ọkàn ọkọ rẹ̀ lè balẹ̀, ìyẹn náà kò wo ọgbẹ́ náà sàn. Ó padà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, oyún inú rẹ̀ wálẹ̀, ó sì dákẹ́ pátápátá. Kò sunkún, kò sọ̀rọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn nínú bí wọ́n ṣe ṣètò orin rẹ̀. S.D. Burman tó ṣe orin náà fi ohùn akọrin ọkùnrin mẹ́ta sí Subir lẹ́nu, torí òṣèré kọ́ ló ń kọ orin náà fúnra rẹ̀: Kishore Kumar, Mohammed Rafi àti Manhar Udhas. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Uma bá lanu, ohùn akọrin obìnrin Lata Mangeshkar nìkan ni. Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, bóyá wọn kò mọ̀ọ́mọ̀, létí tèmi ọ̀kan dúró gbọn-in, èkejì ń ṣí kiri.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá ka ọjọ́. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà ọdún 1973 ni Amitabh àti Jaya ṣègbéyàwó. Ìparí oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni fíìmù náà jáde. Kò pé oṣù méjì! Ẹni tó bá mọ bí ó ti ń pẹ́ tó kí wọ́n tó ya fíìmù, kí wọ́n tó gé e, kí wọ́n tó to orin sí i, á mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí wọ́n tó di tọkọtaya. Ilé wo ni wọ́n wá fẹ́ ròyìn rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì kọ́ ọ? Uma tó pàdánù oyún lójú àwòrán yẹn, ẹni tó ṣe é kò tíì bímọ rí. Ọdún 1974 ni wọ́n bí Shweta, àkọ́bí wọn.

Mo mọ ibi tí àhesọ náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Lóòótọ́, Jaya ló kọ́kọ́ lókìkí nínú àwọn méjèèjì. Ó ti ṣeré fún Satyajit Ray, olùdarí fíìmù ńlá, nínú Mahanagar lọ́dún 1963, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba ní Pune. Fíìmù Guddi ọdún 1971 sì sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ní ti Amitabh, yàtọ̀ sí Anand àti bíi mélòó kan, fíìmù rẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé òmíràn, títí Zanjeer tó sọ ọ́ di gbajúmọ̀ fi jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1973. Hrishikesh Mukherjee ló darí Guddi àti Anand, òun náà ló darí Abhimaan. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì kó tó pè wọ́n.

Ṣé Jaya wá pa iṣẹ́ tì nítorí ìgbéyàwó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wí? Lẹ́yìn ìgbéyàwó náà ló ṣe Kora Kagaz, lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe Mili, Chupke Chupke àti Sholay, gbogbo wọn láàárín ọdún 1974 sí 1975. Ọdún 1979 ló ṣe Nauker. Lẹ́yìn Silsila ọdún 1981 ló tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì padà gba ipa ńlá títí di Hazaar Chaurasi Ki Maa ní 1998. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1981 ni àwọn èèyàn gbé padà lọ lẹ̀ mọ́ fíìmù ọdún 1973.

N kò ní bo apá kan mọ́lẹ̀. Lọ́dún 2022, nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀, Jaya sọ pé kí àwọn tó fẹ́ra, Amitabh sọ fún òun pé òun kò fẹ́ ìyàwó tí yóò máa lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́. Kó máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kó máa yan èyí tó wù ú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn bá bí nínú kò jẹ̀bi, kò dùn mọ́ èmi náà nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin tó ń la ohun tó fẹ́ kalẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ra, ọ̀tọ̀ ni Subir tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìyàwó sórí ìtàgé tó sì wá ń bínú pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ ìtàn tó jọ ọ́ là ń wá, ó wà ní Íńdíà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó ya fíìmù náà. Annapurna Devi, ọmọ Allauddin Khan, ọ̀gá olórin ti ìlú Maihar, fẹ́ Ravi Shankar, gbajúmọ̀ tó ń ta sitar, lọ́dún 1941. Ohun èlò olókùn tó ń jẹ́ surbahar ló ń ta. Wọ́n jọ ṣeré níwájú èrò. Obìnrin náà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ìyìn tí àwọn èèyàn ń fún òun ju ti ọkọ òun lọ kò ṣe ilé àwọn lóore. Ó dẹ́kun ṣíṣeré ní gbangba. Inú ilé ló ti wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní orin, títí kan Nikhil Banerjee àti Hariprasad Chaurasia, àwọn tí ayé wá mọ̀ ju òun tó kọ́ wọn lọ. Ó kú ní Mumbai lọ́dún 2018.

Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Filmfare, ẹ̀bùn ńlá fún fíìmù ní Íńdíà, fún àwọn fíìmù ọdún 1973, Burman gba ti orin. Jaya àti Dimple Kapadia tó ṣe fíìmù Bobby jọ gba ti òṣèré obìnrin tó dára jù lọ. Wọn kò fún Amitabh ní ti ọkùnrin, Rishi Kapoor ló gbà á. Iṣẹ́ tí Jaya ṣe ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn: bó ṣe fi ojú nìkan sọ ohun tí Uma kò lè fi ẹnu sọ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ fún ọkọ rẹ̀.