Yúrò 61 fún àwo kékeré márùn-ún: ta ló jẹ̀bi?

Àdùkẹ́ Peckham:
Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o. Èmi, ọkọ mi àti àbúrò mi wọ bàálù lọ sí Sevilla ní Spéìn lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Aago mẹ́fà àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé la dé ilé oúnjẹ kan tó ní báà nínú. Ebi ti fẹ́ pa wá kú. Wọ́n ní àwọn ò tíì dáná, ó di aago mẹ́jọ àbọ̀. A jókòó síta, à ń wo ojú ara wa. Ìgbà tí oúnjẹ máa dé, ẹ gbà mí, àwo tí kò ju ìdérí ife lọ! Croqueta mẹ́rin, ohun díndín kékeré kan báyìí, fún èèyàn mẹ́ta, mo wá ń fi ọ̀bẹ gé e bí ẹni ń pín oògùn. Edé mẹ́fà nínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan, òróró ló kún ibẹ̀, ó ṣì ń hó. Búrẹ́dì tí a ò béèrè, wọ́n gbowó rẹ̀. Yúrò 61! Wọ́n sì ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni tapas, àwọn àwo oúnjẹ kékeré yẹn, ní Spéìn. Indomie lọkọ mi lọ rẹ sómi gbígbóná ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ náà. Olè ni wọ́n.

Àkànní Madrid:
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má pè wọ́n lólè. Ọdún kọkànlá mi rèé níbí. Ẹni tó ní ọ̀fẹ́ ni kò parọ́, ìlú ló ṣì. Granada ni wọ́n ti ń fi oúnjẹ díẹ̀ tẹ̀ lé ọtí lọ́fẹ̀ẹ́. Ra bíà kékeré kan, àwo kan á bá a dé. Ra òmíràn, àwo mìíràn á dé. Wọ́n ń ṣe é ní Jaén àti Almería náà. Ní Sevilla, owó lẹ máa fi rà á. Wọ́n sì sábà máa ń tà á lọ́nà mẹ́ta: tapa ni àwo kékeré, media ración ni ìdajì, ración ni àwo ńlá tí èèyàn mẹ́ta lè pawọ́ pọ̀ jẹ. Oúnjẹ kan náà ni, bó ṣe pọ̀ tó ló yàtọ̀, iye rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú mẹ́nù. Èwo lẹ ní kí wọ́n gbé wá?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Bùrọ̀dá Àkànní, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ti ń pa láti aago mẹ́fà, ṣé mẹ́nù elédè Spéìn lẹ fẹ́ kó máa kà? Ẹni tó wá gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ rí i pé àwọn mẹ́ta ni, kó la ẹnu. Ìyá onírẹsì àdúgbò wa, bí o bá ní kó bù fún ọ níwọ̀n tí kò tó, òun fúnra rẹ̀ á ní "eléyìí ò lè yó ẹ o."

Àkànní Madrid:
Ṣé o ti lọ sídìí ẹmu rí? Ta ló ń lọ síbẹ̀ láti lọ jẹun yó? Ẹran ìgbẹ́ méjì mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ. Bí báà ibí ṣe rí nìyẹn. Wọ́n á dúró ní kántà, wọ́n á jẹ ẹyọ kan, wọ́n á mu, wọ́n á bọ́ sí ibòmíì. Ọ̀sán loúnjẹ gidi wọn, láti aago méjì títí dé bíi mẹ́rin: menú del día, àwo àkọ́kọ́, àwo kejì, ohun dídùn, búrẹ́dì, ohun mímu, gbogbo rẹ̀ ní iye kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, ọ̀sán ni mò ń jẹ yó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ìdí ẹmu tèmi, wọn kì í gbowó àga.

Àdùkẹ́ Peckham:
Owó àga kẹ̀?

Àkànní Madrid:
Láwọn ibì kan, jíjókòó síta wọ́n ju dídúró ní kántà lọ. Ẹ máa wo ìsàlẹ̀ mẹ́nù.

Màmá Olóúnjẹ Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ edé yẹn ló ń dùn mí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Málaga mú mi lọ jẹ ẹ́. Gambas al ajillo ni. Àdùkẹ́, kì í ṣe edé lo rà, òróró yẹn lo rà. Òróró ólífì ni, wọ́n á rẹ́ áyù sí i pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á ju ata gbígbẹ kan sí i. Bí áyù bá ti ń pọ́n, edé á wọlé, kò ní pẹ́ rárá, wọ́n á gbé e wá bó ṣe ń hó. Gbogbo adùn ti bọ́ sínú òróró. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Mo fi búrẹ́dì nu ìkòkò yẹn títí ó fi ń dán, ọmọ mi ní "Màámi, ó ti tó." Kí lo fi búrẹ́dì tìrẹ ṣe?

Àdùkẹ́ Peckham:
Màmá, mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Inú ló ń bí mi. Wọ́n ṣì gbowó rẹ̀, torí àbúrò mi ti bù ú jẹ.

Màmá Olóúnjẹ Ìbàdàn:
Òróró yẹn ńkọ́?

Àdùkẹ́ Peckham:
A fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Màmá Olóúnjẹ Ìbàdàn:
Háà!

Alhaja Tóyọ̀sí:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi edé sílẹ̀ díẹ̀. Èmi àtàwọn ọmọ fẹ́ lọ wo Alhambra, ààfin àtijọ́ yẹn, ní Granada. Kí la lè jẹ tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú?

Àkànní Madrid:
Alhaja, ẹ kú ìmúra. Ẹ ṣọ́ra fún croqueta, jamón, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí wọ́n so rọ̀ títí tó fi gbẹ, sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Salmorejo, ọbẹ̀ tòmátò tútù, wọ́n á tún wọ́n ọn sórí ìyẹn. Ẹ máa sọ pé "sin jamón." Ní Granada, ẹni tó ń tà ló sábà ń yan àwo ọ̀fẹ́, nítorí náà ẹ tètè sọ kó tó bu ohun mímu. Òpópónà Calderería Nueva wà níbẹ̀, ilé tíì àwọn ará Morocco pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ya Sevilla, ẹ béèrè espinacas con garbanzos: ẹ̀fọ́ tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ garbanzo, ó dà bí ẹ̀wà àmọ́ ó rí roboto.

Alhaja Tóyọ̀sí:
Mi ò kúkú ń mu ọtí. Àwo ọ̀fẹ́ ti fò mí nìyẹn?

Àkànní Madrid:
Rárá o. Fanta náà lè mú àwo wá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
A ò tíì parí ẹjọ́ o. Àwo márùn-ún, yúrò 61. Bùrọ̀dá, ṣé bí tapa ṣe wọ́n tó nìyẹn?

Àkànní Madrid:
Òun ló ń ṣe èmi náà ní kàyéfì. Àǹtí, ẹ bá wa ka ìwé owó náà.

Àdùkẹ́ Peckham:
Ó wà lórí fóònù mi. Oúnjẹ márààrún, 21.50. Búrẹ́dì èèyàn mẹ́ta, 4.50. Omi ìgò méjì, 5.

Àkànní Madrid:
Ẹ ra omi? Láti 2022 lòfin ti ní kí wọ́n fún oníbàárà tó bá béèrè lómi ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó dáa, 31 nìyẹn. 30 tó kù ńkọ́?

Àdùkẹ́ Peckham:
Sangría, wáìnì tí wọ́n po mọ́ èso. Jọ́ọ̀gì méjì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ̀gbọ́n!!! Mo ti yọwọ́ nínú ẹjọ́ yìí.

Àkànní Madrid:
Àwọn ará Sevilla fúnra wọn, tinto de verano ni wọ́n ń mu nígbà ooru: wáìnì pupa, ẹlẹ́rìndòdò ọlọ́sàn wẹ́wẹ́, yìnyín. Kò ní gbà yín lówó tó bẹ́ẹ̀.

Àdùkẹ́ Peckham:
Wákàtí méjì la fi dúró de oúnjẹ, kí la fẹ́ máa mu? Ẹ fi sangría sílẹ̀ jàre, ọ̀rọ̀ oúnjẹ là ń sọ.