Kí páìpù gáàsì Ajàòkúta yà sí Ìlọrin

Nígbà tí iṣẹ́ irin bẹ̀rẹ̀ ní Ajàòkúta, ìpínlẹ̀ Kwara ni ìlú náà wà. Ọdún 1991 ló bọ́ sí Kogí. Láti ibẹ̀ náà ni páìpù gáàsì tó gùn ní kìlómítà 614, tí wọ́n ṣí iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ti gbéra. Ó gba Àbújá, ó gba ìpínlẹ̀ Niger, ó gba Kàdúná, ó forí lé Kánò. Kò yà sọ́dọ̀ wa ní Kwara. Owó ìlú sì ni: nígbà tí àwọn tó fẹ́ yá wa lówó ní China ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, NNPC, ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ti ìjọba, ló ń ná tirẹ̀ sí i.

A ò bá Kánò jà. Kò sí oníṣòwò tí yóò ri páìpù tó gùn báyẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ ẹni tó máa ra gáàsì. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹjọ́ wa ni pé Kwara náà ti dá tirẹ̀. Odò Ọya ti ń yí ẹ̀rọ iná ní Jẹ́bbà láti bí ogójì ọdún. Owó epo rọ̀bì tó jẹ́ ti gbogbo wa ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé iná NIPP, ìyẹn àwọn tí ìjọba kọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Kwara wà níbẹ̀.

Àwọn kan á ní NIPP gan-an ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Òótọ́ ni: wọ́n kọ́ ilé iná tán kí gáàsì tó dé, ẹ̀rọ wá ń dákẹ́ ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ àti Ọlọ́runṣògo. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ṣíwájú. Páìpù ló yẹ kó kọ́kọ́ dé.

Ta ló wá ń náwó báyìí? Ẹ dé ìlú èyíkéyìí láàárín Àjàṣẹ́ àti Òmù-Àrán nígbà tí taransífọ́mà bá jó. Wọ́n á pèpàdé. Akọ̀wé á ṣí ìwé: onílé, iye báyìí, oníṣọ́ọ̀bù, iye báyìí, ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó, tiwọn tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá tó ń ta ẹja yìnyín, tí ẹja rẹ̀ ti ń rùn nínú fíríìsà, á san. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dé, àwọn ọ̀dọ́ ló ń bá wọn gbé e gun orí sìmẹ́ǹtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti di ti ilé-iṣẹ́ apínná, bíìlì sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Òfin NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, ní kí àdéhùn bí wọn yóò ṣe dá owó padà wà lákọsílẹ̀ kí ará ìlú tó ná an. Ìlú mélòó ló rí ìwé náà rí? Owó orí ni wọ́n ń san, orúkọ ni kò ní.

Ohun tí a fẹ́ nìyí. Kí ẹ̀ka páìpù kan gba Kàbà, Ẹ̀gbẹ̀, Òmù-Àrán àti Àjàṣẹ́ wọ Ìlọrin, kó sì dé Ọ̀fà. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn àti irin tó ń sun dísù ní Ìlọrin kò ní í ṣòro láti bá dúnàádúrà. Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 sì ti gbà kí ìpínlẹ̀ pèsè iná, kó gbé e, kó sì pín in. Ilé iná tí kò tóbi, tí gáàsì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, lè máa ṣiṣẹ́ lọ nígbà tí gírídì, okùn iná tó so gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀, bá ṣubú, èyí tí kì í pẹ́ ṣubú.

Kí àwọn sẹ́nétọ̀ wa mẹ́ta àti aṣojú mẹ́fà gbé e wọ ìṣúná àpapọ̀. Kí gómìnà àti Ilé Aṣòfin fi owó wíwọn ọ̀nà náà sínú ìṣúná Kwara tó ń bọ̀, kí wọ́n sì máa tẹ ìnáwó rẹ̀ jáde. Ní ti owó taransífọ́mà tí àwọn ìlú ti dá, kí ilé-iṣẹ́ apínná bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú bíìlì wọn láti oṣù tó ń bọ̀.